Láoyè Afínjú àti Iná Tí Ojú Ò Rí

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa Láoyè, ẹ kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀ yín, torí ọkùnrin náà kò fẹ́ kí eruku wọ ibi tí wọ́n bá ti ń dárúkọ òun. Láoyè Afínjú, ọmọ ilé wọn ní Ìrẹ̀mọ, ọ̀gá àwọn tó ń na ìka kékeré síta bí wọ́n bá ń mu tíì. Aṣọ funfun ní í wọ̀ lọ sóko. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ wò yíká bóyá àwọn tó wà níbẹ̀ tó ẹni tí irú òun ń rẹ́rìn-ín lójú wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀ lọ́dún 1989. Ní 1994 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Láoyè kò tíì dé. Bí òjò bá rọ̀ ní Ifẹ̀, á ní òjò Lọ́ńdọ̀nù kì í pariwo báyìí. Bí ajá bá gbó, á ní tibẹ̀ a máa tọrọ gáfárà kó tó la ẹnu. Àwọn ìyàwó ilé wá sọ ọ́ lórúkọ: Arìnrìnàjò-tí-kò-tíì-bọ̀, Ọ̀sẹ̀-mẹ́ta-bí-ọgbọ̀n-ọdún. Bí wọ́n bá kí i báyìí, á gbé àyà sókè, torí ó rò pé oríkì ni.

Mojíre ló kọ́kọ́ pè é ní Afínjú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí wọ́n mú Mojíre wọ ilé náà, Láoyè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti bá a nílé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún un, ìyàwó ilé kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Mojíre wò ó bó ṣe ń nu bàtà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ní, Afínjú nìyí. Orúkọ náà mọ́ ọn lára bí ẹ̀wù.

Oyèbánjí ni ọkọ Mojíre. Ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti kú. Ohun tó fi sílẹ̀ kò pọ̀: ọmọbìnrin kan, Morẹ́nikẹ́, tó wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn, kẹ̀kẹ́ ológeere kan tí kò ní táyà, àti ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mọ ilé ìdáná yẹn, ó ṣe ààrò mẹ́rin sí i, ó fi páànù bò ó. Ní igun kan níbẹ̀, ibi tí sìmẹ́ǹtì kò tíì gbẹ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ojú ẹsẹ̀ Oyèbánjí wà níbẹ̀ títí di òní. Mojíre kì í gbé nǹkan lé ibẹ̀.

Gbogbo obìnrin ilé ló ń lò ó, ṣùgbọ́n Mojíre ló ń fi jẹun. Ẹ̀kọ ló ń ṣe. Kílẹ̀ tó mọ́, á ti sẹ́ ògì, á ti dá iná sí ààrò méjì, á ti máa ro ó. Àwọn ẹlẹ́kọ ló ń wá kó o lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Bí kò bá sí ilé ìdáná yìí, kò sí ẹ̀kọ. Bí kò bá sí ẹ̀kọ, á di ẹrù, á gba Ìbàdàn lọ, á máa jókòó sí pálọ̀ ọkọ ọmọ, á máa dúpẹ́ oúnjẹ.

Láoyè kò rí ilé ìdáná náà sójú fún ogún ọdún. Ìgbà tí wọ́n la ọ̀nà tuntun gba ẹ̀yìn ilé kọjá ni ojú rẹ̀ là. Ẹ má rò pé ó sọ̀rọ̀ ọ̀nà o. Ojú Mojíre ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, èéfín yìí ń dùn mí."

"Èéfín tó ń wọ ojú mi ló ń dùn yín, ọkọ mi?"

"Ó dùn mí wọra. Ojú rẹ, ojú ẹ̀gbọ́n mi ni."

Mojíre dúpẹ́. Láti ọdún mẹ́ta, Láoyè kò bi í léèrè rí bóyá ojú ló ń dùn ún tàbí eyín. Àánú tó pẹ́ tó báyìí kó tó dé, èèyàn gbọ́dọ̀ kí i káàbọ̀.

Láoyè gbé e lọ síwájú ẹbí. Ó ní ayé ti kúrò ní igi dídá. Ó ní òun yóò ra àdìrò onígíláàsì tó ń lo iná mànàmáná, òun yóò gbé e sínú ilé fún àwọn obìnrin, kí wọ́n sì wó ilé èéfín ẹ̀yìn yẹn kí ara tu ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní hánkáṣífù lọ́wọ́, ó kàn ń dúró dè é ni.

Àláájì Abdulwaheed ni olórí ẹbí. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kì í tètè sọ̀rọ̀, ebi kì í sì í pẹ́ pa á. Ó rán wọn létí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà láti ìgbà ìyá tó bí ìyá òun. Ẹni tó bá fẹ́ yí ilé ìdáná padà, kó fi ohun tuntun tó mú wá se oúnjẹ fún gbogbo ẹbí ní ìta gbangba, nínú ìkòkò ńlá àwọn obìnrin ilé. Bí gbogbo ẹnu bá jẹ, tí wọ́n yó, ọ̀rọ̀ tán. Bí sítóòfù oníkẹrosíìnì ṣe wọ ilé náà nìyẹn.

Láoyè ní ọjọ́ ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀ ti jìnnà jù lójú òun. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà náà, òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì ń kó padà sí Jámánì, ó sì ń ta ẹrù ilé rẹ̀. Láoyè fi Mojíre sínú ọkọ̀ Datsun rẹ̀, wọ́n jọ lọ, kó má baà sọ lọ́la pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ òun. Kọ́lápọ̀, tó ti ń se oúnjẹ fún òyìnbó náà láti ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n bá nínú ilé ìdáná. Àdìrò méjì ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, dúdú, wọ́n ń dán bí omi inú kànga.

Kọ́lápọ̀ ṣàlàyé pẹ̀lú sùúrù. Ó ní sẹ̀ráámíìkì ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́. Bí èèyàn bá tàn án, wáyà abẹ́ gíláàsì á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, gíláàsì á gbóná, ìkòkò yòówù tí ìdí rẹ̀ bá ti tẹ́ á hó lórí rẹ̀. Ó ní ìndọ́kíṣọ̀ọ̀nù ni wọ́n ń pe ìkejì, ó sì wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Òun kì í pọ́n, iná inú rẹ̀ kì í hàn sójú, ìkòkò gan-an ló ń mú gbóná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìkòkò. Ìkòkò tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ nìkan ló ń dá lóhùn.

Ó mú òòfà kékeré kan, ó fi kan ìkòkò òyìnbó, ó gbá a mú pátápátá. Ó fi kan ìkòkò alumíníọ̀mù tó fi ń se oúnjẹ ti ara rẹ̀, òòfà yọ̀, ó já bọ́ sílẹ̀. Mojíre bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó dán an wò fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé kejì ló kà mọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ṣe ojú rẹ̀, bí Láoyè ti wù kó káàánú rẹ̀ tó.

Kọ́lápọ̀ ní ìkòkò mẹ́ta tó bá a mu wà nílẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ fi kún un.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin," ni Láoyè wí, "mo ti rí irú yín ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ó ta ẹṣin fún èèyàn tán, ẹ ó ní kó tún wá san owó ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Bàbá, ti àkọ́kọ́ yìí kò ní yọ yín lẹ́nu ní tirẹ̀."

"Sà ni kó o máa pè mí. Èyí tó ń pọ́n yẹn? Mo fi pupa sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí n tún wá fi owó ra pupa? Èwo ló wọ́n jù nínú méjèèjì?"

"Ìkejì yìí ni, Sà."

"Òun ni mo ti yàn láti ìgbà tí mo ti wọlé."

Nínú ọkọ̀, Mojíre ń fi ọkàn rò ó. Ká ní Afínjú ra olójú pupa yẹn ni, ìkòkò ńlá á hó lórí rẹ̀, ẹbí á jẹun, òun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù òun. Èyí tó rà yìí, kò ní hó. Ẹnu lásán ló kù kí Mojíre pa mọ́, ilé ìdáná á sì dúró. Ó wo fèrèsé títí wọ́n fi dé Ìlàrè. Oyèbánjí kì bá ti dákẹ́ fún àbúrò rẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè pa á mọ́.

"Afínjú ọkọ mi, òòfà kò ní lẹ̀ mọ́ ìkòkò ńlá ilé wa o."

"Òòfà kẹ̀? Iṣu la fẹ́ sè, a ò fẹ́ so ìkòkò mọ́ ògiri."

"Ẹ dán an wò kí ọjọ́ tó pé."

"Ìyàwó wa, ẹ̀kọ lo mọ̀. Fi iná sílẹ̀ fún àwa tá a ti rí i."

Ẹ̀ẹ̀kan ni ìyàwó ilé ń sọ fún ọkọ. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á ní ó ń jiyàn. Mojíre ti sọ ẹ̀ẹ̀kan tirẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró dáadáa, ó sọ̀ kalẹ̀.

Láoyè gbé àdìrò náà sórí tábìlì pálọ̀, ó fi aṣọ léèsì bò ó bí ìyàwó tuntun. Fúnlọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ní kí òun fi omi díẹ̀ dán an wò. Láoyè ní ìtìjú gbáà ni kí irú iná báyìí kọ́kọ́ fi omi lásán mọ ilé ayé. Ó ní ojú gbogbo ẹbí ni wọn yóò ti ṣí i. Ó tún pàṣẹ pé lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá igi lẹ́yìn ilé, kí èéfín má baà ba ọlá òun jẹ́.

Ọjọ́ pé, Sátidé ni. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n to àga sí iwájú ilé. Ó tó àádọ́ta èèyàn tó jókòó. Aṣọ funfun tí Láoyè wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan á ṣẹ́jú. Ó ti yá ẹ̀rọ amúnáwá ńlá lọ́wọ́ ayàwòrán kan, torí ohun tí gbogbo ayé ń retí ni pé iná á lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń fi ta tẹ́tẹ́. Kí n má purọ́, iná kò lọ. Iná ọba dúró ṣinṣin lọ́jọ́ náà bí ẹni tó fẹ́ wòran.

Àwọn ìyàwó gbé ìkòkò ńlá wá, alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà, tó ti sè fún ìyàwó mọ́kànlá. Wọ́n kó iṣu mẹ́jọ sí i. Ní aago mọ́kànlá, Láoyè na ìka kékeré, ó tẹ ojú gíláàsì. Nọ́ńbà pupa kan yọ. Àdìrò náà ké: tíì, tíì, tíì.

"Kí ló wí?" ni Àláájì Abdulwaheed bi í.

"Ó ń kí yín ni, Bàbá."

"Ẹ kú ilé o," ni Àláájì dá a lóhùn.

Wọ́n dúró. Àdìrò tún ké. Láoyè ní ó ní kí wọ́n fi iyọ̀ sí i. Fúnlọ́lá bu iyọ̀ sí i. Ó ké lẹ́ẹ̀kẹta, Láoyè ní iyọ̀ kò tíì tó. Ó ké lẹ́ẹ̀kẹrin, Láoyè ní ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yéé tẹjú mọ́ òun. Àwọn èèyàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, wọn kò fẹ́ kí ìtìjú mú un.

Nígbà tó pé wákàtí kan, Láoyè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì, ó ní kí gbogbo wọn wá wò ó, kò jó òun, pé ọ̀làjú nìyẹn.

"Láoyè, bí kò bá gbóná, kí ló ń se iṣu?"

"Ìkòkò ló ń gbóná, Bàbá."

Àláájì dìde, ó fi ọwọ́ kan ìkòkò. "Ìkòkò kò gbóná."

"Inú rẹ̀ looru wà."

Àláájì ti ìka bọ omi. "Inú rẹ̀ náà tutù."

"Inú iṣu gan-an ni, Bàbá. Inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

Àláájì ní ó dáa, àwọn yóò máa retí kí ooru jáde látinú iṣu wá bá àwọn. Ó lọ kírun ọ̀sán. Ó dé, ó bá iṣu bó ṣe fi í sílẹ̀, ó kàn níyọ̀ sí i ni. Nígbà yìí, àwọn ọmọdé ti ń sunkún, àwọn àgbà náà kàn ń fi agbára mú un mọ́ra. Láoyè ń nu ojú gíláàsì, ó ní irú nǹkan báyìí kò fẹ́ ìkánjú, pé ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́n máa ń sùn kí wọ́n tó jẹun.

Àláájì kò wo Láoyè mọ́. Mojíre ló yíjú sí.

"Mojíre, ṣebí ẹ jọ lọ rà á ni. Kí ni ẹni tó tà á wí?"

Olórí ẹbí ló béèrè, ìyàwó ilé lè dáhùn. Mojíre kúnlẹ̀. "Ó ní ìkòkò tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀, Bàbá. Tiwa yìí kì í ṣe ara wọn."

"O sọ fún Láoyè?"

"Mo sọ fún wọn, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan."

"Kí ló fọ̀?"

"Wọ́n ní ẹ̀kọ ni mo mọ̀."

Ó ṣeé ṣe kí Láoyè rí ọgbọ́n kan dá sí ìyẹn náà, ẹnu rẹ̀ ti là, ṣùgbọ́n aago méjì ti lù. Ọkọ̀ típà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù búlọ́ọ̀kù. Àyànlọ́wọ̀, bíríkìlà tó ń gbé ní Ìlàrè, bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òòlù ńlá àti lébìrà mẹ́rin. Ó rí èrò, ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ kú ìpàdé o. Èwo ni ilé ìdáná tá a fẹ́ wó níbí? Sà ní ká dé láago méjì, pé ẹbí á ti jẹun yó, wọ́n á ti túká."

"Ta ni Sà?" ni Àláájì wí.

Àyànlọ́wọ̀ na ọwọ́ sí ibi tó funfun jù níbẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ kọ́ síbẹ̀?"

"Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni, Bàbá, tó kọjú sí ọ̀nà tuntun. Ẹni tó fẹ́ gba ti àkọ́kọ́ náà tẹ̀ lé wa wá."

Lóòótọ́, onígbàjámọ̀ kan ń sọ̀ kalẹ̀ látorí típà, ó fi àga ìfárí kọ́ ọrùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wá ibi tó máa gbé e sí.

Ìgbà yẹn gan-an ni àdìrò tún ké: tíì, tíì, tíì.

"Bàbá wọn," ni Fúnlọ́lá wí jẹ́jẹ́ sí ọkọ rẹ̀, "ó tún sọ̀rọ̀. Kí ló wí?"

Ẹ̀rín tó bẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé òpópónà. Àwọn ìyàwó ilé dì mọ́ra wọn. Onígbàjámọ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó fà á. Láoyè gbé hánkáṣífù jáde, ó nu gíláàsì, ó nu ojú, ó tún nu gíláàsì.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Àláájì sọ̀rọ̀, kò sì gùn. Ilé ìdáná kò ní kúrò níbi tí Oyèbánjí kọ́ ọ sí, níwọ̀n ìgbà tí obìnrin kan ṣoṣo bá ṣì ń fẹ́ dáná níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kò ní padà, torí òjò ti jẹ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, kí Àyànlọ́wọ̀ fi wọ́n tún un mọ. Láoyè ni yóò máa po sìmẹ́ǹtì fún un, lónìí, nínú aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Kí onígbàjámọ̀ bá òun gé irun kó tó máa lọ, nígbà tó ti gbé àga wá.

"Mojíre, dá iná. Ebi ń pa wá."

Gbogbo ìpàdé ló gbé àga rìn lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n fi Láoyè sílẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ńlá àti nọ́ńbà pupa rẹ̀. Mojíre yọ iṣu mìíràn nínú àká tirẹ̀, àwọn ìyàwó bó o, ààrò mẹ́rin ni wọ́n fi iná sí. Kò pẹ́, kò jìnnà, iṣu ti rọ̀, epo ti dé orí rẹ̀, àádọ́ta ẹnu ń jẹ, kò sẹ́ni tó rántí Jámánì.

Láoyè yọ gánńgán lẹ́yìn ògiri. Sìmẹ́ǹtì ti dé ìgbúnwọ́ rẹ̀, aṣọ funfun ti di ìrántí. Ó dúró síbi tí òórùn epo ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wúkọ́. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

"Ìyàwó wa," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, "ebi ń pa mí."

Mojíre mú àwo tó dára jù nínú ilé, ó nù ún mọ́ féfé, ó kúnlẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀ fún ọkọ.

"Afínjú ọkọ mi, ṣé kí n bu tibí fún yín ni, àbí ẹ ṣì ń retí tiyín?"